Àṣìṣe lórí iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́: ẹ̀yìn aṣọ ni a ti ń tú u

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ń ṣe mónógíráàmù, ìyẹn iṣẹ́ ọnà tí a fi máṣínì rán, sí ọrùn agbádá gínì funfun tí ọkọ ìyàwó kan fẹ́ wọ̀, òwú aláwọ̀ aró ni mo sì ń lò. Iṣẹ́ ti dé ìdajì kí n tó rí i pé òdòdó kan ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, òwú funfun inú bọ́bìnì, ìyẹn ìkáwú kékeré abẹ́ máṣínì, sì ń yọjú láàrin àwọ̀ aró náà. Níbi tí mo ti ń wá bí n ó ṣe tú u, abẹ́rẹ́ gún mi, ẹ̀jẹ̀ sì kán sí aṣọ náà. Epo máṣínì ti kọ́kọ́ ta sí etí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. N kò ní ẹ̀rọ ìtú-òwú tí mo rí lọ́wọ́ àwọn ará Èkó, owó rẹ̀ sì ju agbára mi lọ. Kí ni mo lè lò nínú ohun tí ó wà nílé?

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Ẹ má tíì ná owó lórí ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀rọ tí ẹ rí yẹn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí kílípà tí onígbàjámọ̀ fi ń gé irun. Eyín kéékèèké tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ó fi ń gé òwú bọ́bìnì lẹ́yìn aṣọ, abẹ réésà tí wọ́n ń tà ní ẹnu ọ̀nà ilé yín sì lè ṣe iṣẹ́ kan náà bí ọwọ́ bá balẹ̀. Ohun tí ó gba ìrònú nínú ọ̀rọ̀ yín ni ètò, ìyẹn èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe àti èwo ni kí ó gbẹ̀yìn, nítorí pé àṣìṣe méjì àti àbàwọ́n méjì ni ó pàdé lára aṣọ kan ṣoṣo, ohun tí yóò sì wo ọ̀kan sàn lè mú kí èkejì má kúrò mọ́ láéláé. Fún ìdí èyí, ẹ má ṣe fi áyọ́ọ̀nù kan aṣọ náà títí gbogbo iṣẹ́ yòókù yóò fi parí, bí aṣọ bá sì ṣì wà nínú férémù tí ó nà án mú, ẹ fi í síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá tíì yọ ọ́, ipò tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kò tíì sọnù, ẹ sì lè padà sí ojú ibẹ̀ gan-an lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú òdòdó náà.

Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kojú, nítorí pé bí ó bá ṣe ń pẹ́ ni ó ń le sí i. Omi tútù nìkan ni kí ó kan án. Omi gbígbóná a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ inú aṣọ gẹ́gẹ́ bí ẹyin ṣe ń dì nínú ìkòkò, lẹ́yìn náà kò sí ọṣẹ tí yóò rọrùn láti fi yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kán kékeré tí kò tíì gbẹ, àwọn oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ọ̀nà kan tí ó ti pẹ́: ẹ gé òwú funfun díẹ̀, ẹ fi í sẹ́nu kí itọ́ yín rin ín dáadáa, kí ẹ sì fi í máa tẹ ojú ẹ̀jẹ̀ náà pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, láì fi í ra á. Itọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé ó dára jù. Èmi kò rí ẹ̀rí pé ti ẹlòmíràn kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀jẹ̀ tútù. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ ra háídírójìn pẹ́rọ́kísáìdì ìdá 3 nínú 100 ní kẹ́míìsì, ẹ fi ẹ̀gbọ̀n òwú mú ẹ̀kán kan tàbí méjì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí i. Yóò hó, ẹ óò fi ẹ̀gbọ̀n òwú mìíràn gbá ìhó náà, ẹ óò sì fi omi tútù ṣan án. Aṣọ funfun gba èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nítòsí òwú aláwọ̀ aró, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù òwú náà kí àwọ̀ má baà ṣí lójú yín.

Epo máṣínì ń fẹ́ òdìkejì èyí, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí omi kankan kàn án ná. Ẹ tẹ́ bébà tíṣù sí abẹ́ ibẹ̀, ẹ da àtíkè lé e lórí dáadáa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Àtíkè yóò máa fa epo náà sára. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ gbá a kúrò, kí ẹ sì tún da òmíràn sí i bí ojú ibẹ̀ bá ṣì ń dán. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀, ẹ fi ẹ̀kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ pa á lára, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ nù. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé etí aṣọ ni epo náà wà, tí férémù kò gbé e mú, ẹ lè jẹ́ kí àtíkè máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú òdòdó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba aṣọ jẹ́ nìyí, nítorí pé ojú aṣọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú. Ẹ ronú sí bí máṣínì ṣe ń rán: òwú òkè ni ó ń dán tí a ń rí, ṣùgbọ́n kì í dúró fúnra rẹ̀, òwú bọ́bìnì ni ó ń dè é mọ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí a bá gé òwú òkè, ègé kéékèèké yóò há sínú aṣọ, a óò sì máa fi abẹ́rẹ́ yọ wọ́n títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ó bá jẹ́ òwú bọ́bìnì ni a gé, òwú òkè kò ní ohun tí ó dè é mọ́, yóò sì bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ yí férémù náà dojú dé. Níbi tí òwú ti sùn ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí bíi ti ewé òdòdó, ẹ óò rí òwú funfun bọ́bìnì tí ó là gbùngbùn rẹ̀ kọjá, tí òwú aró wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀. Ìlà funfun yìí ni ẹ óò gé.

Réésà ẹlẹ́nu méjì dára fún èyí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi sẹ́lótéèpù wé ẹnu kan nípọn kí ó má baà gé yín lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ẹ fi igun rẹ̀ síbi òwú funfun, ẹ mú un pẹlẹbẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sí aṣọ, kí ẹ sì máa fi ẹnu rẹ̀ gé òwú náà díẹ̀díẹ̀ láti apá kan dé èkejì. Sítéè, ìyẹn ìtẹ́lẹ̀ líle tí ẹ fi sẹ́yìn aṣọ kí ó má baà sún kì, wà láàrin abẹ àti gínì, òun ni ó ń gba ọgbẹ́ tí ìbá dé ara aṣọ, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ ya á kúrò kí ẹ tó tú. Ẹ ṣe bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ dúró, ẹ yí aṣọ padà sójú, ẹ fi èékánná àtàǹpàkò ra òwú òkè náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò máa gbéra sókè ní ìdìpọ̀ kéékèèké. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí àwọn obìnrin fi ń fa irun ìpéǹpéjú gbé e. Èyí tí kò bá jáde wẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fà á. Òwú bọ́bìnì kan ṣì wà tí ẹ kò tíì gé, ẹ padà sẹ́yìn lọ wá a. Gínì a máa ta bí wọ́n bá fà á tipátipá, ìlà tí ó bá ta náà kì í fi bẹ́ẹ̀ padà.

Bí ẹ bá ní kílípà oníná nílé, òun náà ṣeé lò. Ẹ yọ ìyarun orí rẹ̀ kúrò, ẹ nu òróró àti irun ara rẹ̀ dànù, kí ẹ sì máa fi ẹnu rẹ̀ gbá ẹ̀yìn iṣẹ́ náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí apá kan ṣoṣo. Aṣọ tí a hun le bíi gínì ni ó bá mu. Kì í ṣe fún léèsì, kì í ṣe fún aṣọ fífà, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè gbà yín nímọ̀ràn láti gbé e dé ibi aṣọ òkè, nítorí pé òwú aṣọ òkè ga sókè, eyín kílípà kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin òwú tí ẹ fẹ́ gé àti òwú tí aláṣọ òkè hun.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí òdòdó ká kò le tó báyìí. Ẹ gé ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ kan, ẹ fo mẹ́ta, ẹ tún gé ọ̀kan, kí ẹ sì fa òwú náà láti apá kejì. Àmọ́ bí ibì kan bá wà tí òwú ti dì gan-an, tí a ti kún un láti etí dé etí, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má tú u rárá, àyàfi tí ó bá jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ni yóò rí i. Ẹ fi ewé kan tàbí igi òdòdó kan bo àṣìṣe náà, kí ẹ sì ṣe irú rẹ̀ sí apá kejì ọrùn kí ọ̀tún àti òsì lè bára mu. Ọkọ ìyàwó kò mọ iye ewé tí ó wà nínú àwòrán yín.

Kí ẹ tó dé ibi tí iṣẹ́ tí ó dára ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí òwú díẹ̀ kù sílẹ̀ ní etí ibẹ̀, kí ẹ fi rírán tuntun gùn ún lórí ní ìwọ̀n mílímítà díẹ̀ kí ó má baà máa tú lọ. Ẹ̀kán kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ kan láti ẹ̀yìn, tí ẹ fi orí igi ìtayín kán sí ìdí òwú náà, yóò dì í mú. Ó máa ń le díẹ̀ bí ó bá gbẹ, nítorí náà kò yẹ níbi tí yóò ti máa ha ọrùn ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Èérún òwú yóò ti kún ojú aṣọ báyìí. Ẹ wé sẹ́lótéèpù mọ́ ìka méjì kí ojú tí ó lẹ̀ wà níta, ẹ máa fi tẹ aṣọ náà, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti kún. Èyí tí ó bá há, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ ni ẹ óò fi gbá a, kí ẹ máa tẹ̀lé bí òwú aṣọ ṣe dùbúlẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ tí ó kù sílẹ̀ ni ẹ óò fi ẹ̀yìn ṣíbí kékeré fọwọ́ rà ní ìbú àti ní òró títí òwú aṣọ yóò fi sún padà sí ara wọn. Lára gínì àti kọ́tìn, ihò a máa di. Lára awọ, sátìn tàbí ọ̀gánsà kì í di, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a fi àjákù dán iṣẹ́ wò kí a tó fọwọ́ kan irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó tún òdòdó náà rán, ẹ óò fẹ́ sàmì sí ipò rẹ̀. Ègé ọṣẹ gbígbẹ dára lórí àdìrẹ tí ó dúdú, ṣùgbọ́n kò ní hàn lórí funfun. Pẹ́ńsù líle tí ẹ fà fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ lò. Bírò kò yẹ, nítorí yíǹkì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lára aṣọ. Bákan náà ni mo rí i pé àwọn kan ti ń lo gègé Frixion, èyí tí àmì rẹ̀ ń parẹ́ bí áyọ́ọ̀nù bá kàn án. Òótọ́ ni pé ó ń parẹ́ ní bí ìwọ̀n ooru 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, ṣùgbọ́n àwọ̀ náà kò kúrò lára aṣọ. Bí ó bá bọ́ sínú òtútù tí ó tó bíi 10 sí ìsàlẹ̀ òdo, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà. Abẹ́òkúta kò lè tutù tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ aṣọ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó wà ní Kánádà lè dé ibẹ̀ tòun ti gbogbo ìlà tí télọ̀ fà sí i.

Ní ti òwú funfun tí ó ń yọjú láàrin àwọ̀ aró, ẹ má tú u. Níbi tí ó bá ti jẹ́ tóótòòtó, máákà tí kì í ṣí, tí àwọ̀ rẹ̀ bá òwú òkè mu, yóò bò ó. Ẹ dán an wò lára àjákù, ẹ fi orí rẹ̀ kan òwú funfun náà nìkan láì tẹ̀ ẹ́, nítorí pé yíǹkì a máa fà lọ sínú gínì bí ó bá pọ̀ jù. Yóò ṣá díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ti ń fọ aṣọ náà, ṣùgbọ́n agbádá ọkọ ìyàwó kì í ṣe aṣọ tí a ń fọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Fún ìyókù iṣẹ́ náà, ẹ wé òwú aró sínú bọ́bìnì. Bí ojú bọ́bìnì bá tún yọ lẹ́yìn ìyẹn, kò ní hàn.

Òwú òkè kan lè ti yọ ní ìkọ́, kí ó máa gbọ̀n lójú aṣọ. Ẹ má gé e, nítorí pé gbogbo ìlà yẹn lè tú. Ẹ ki òwú tí ẹ ká sí méjì sínú abẹ́rẹ́ ọwọ́, kí ibi tí ó ká sí ṣe ìkọ́ kékeré ní ìdí rẹ̀. Ẹ gún abẹ́rẹ́ náà láti ojú aṣọ sí ẹ̀yìn ní ìdí òwú tí ó yọ náà gan-an, ẹ fi ìkọ́ náà há a, kí ẹ sì fà á wọ ẹ̀yìn. Ìdí òwú tí máṣínì fi ń fò láti òdòdó dé òdòdó ni kí ẹ fi ohun ìgéèékánná gé. Ẹnu rẹ̀ tí ó tẹ̀ a máa gé e súnmọ́ aṣọ ju àlùmọ́gàjí ńlá lọ.

Ọ̀pọ̀ télọ̀ a máa gbé ìṣáná sí orí òwú tí ó kù kí ó lè yọ́. Kí ẹ tó dán irú rẹ̀ wò, ẹ mú òwú gígùn kan lọ sí ẹ̀yìn ilé, ẹ fi ẹ̀mú mú un, kí ẹ sì tan iná sí i. Bí ó bá yọ́ tí ó di kókó líle, pọlísítà ni. Bí ó bá jó wọ́ọ́rọ́, tí ó ń rùn bíi bébà tí ó ń jó, tí eérú rẹ̀ sì rọ̀, réyọ̀nù ni, iná kò sì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn. Àyẹ̀wò yìí wúlò ní ọ̀nà kejì: pọlísítà lè fara da omi Hypo tí a bù là, ṣùgbọ́n réyọ̀nù kò lè fara dà á, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí. Kí ẹ sì tó da Hypo lé àbàwọ́n kankan, ẹ rántí pé ẹ̀yin ara Abẹ́òkúta ń gba iṣẹ́ àdìrẹ láti Ìtòkú pẹ̀lú gínì funfun. Ohun tí ó ń fọ gínì di funfun yìí gan-an ni ó ń pa aró ẹlú run, ibi tí ó bá kàn yóò di rẹ́súrẹ́sú. Àdìrẹ tí ẹ bá fẹ́ fi òwú funfun ṣe ọnà sí, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí aró má baà ràn mọ́ òwú.

Nígbà tí ẹ bá ti parí rírán, ẹ yọ aṣọ kúrò nínú férémù, ẹ sì gé sítéè. Ẹ ki ṣíbí kékeré sáàrin sítéè àti gínì, kí ẹnu àlùmọ́gàjí máa gun ẹ̀yìn ṣíbí náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kò ní gé aṣọ. Àmì férémù tí ó dá róbótó lára gínì ń fẹ́ ọ̀rinrin díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé dídán gínì àti ti kàm̀pálà tí wọ́n ti lù ń wá láti inú sítáàṣì àti lílù. Bí omi bá kan ojú kan ṣoṣo, ibẹ̀ yóò kú, àwọn tí ó yí i ká yóò sì máa dán. Bí ẹ bá rí i pé ibi tí ẹ ti fọ ẹ̀jẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ẹ fi omi tútù rin gbogbo aṣọ náà, kí ẹ sì fún un ní sítáàṣì lọ́tun, ju kí ẹ máa gbìyànjú láti tún ojú kan ṣe.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo aṣọ náà níta nínú oòrùn, tí ẹ sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ àti epo ti lọ pátápátá, ìgbà náà ni áyọ́ọ̀nù tó wọlé. Ẹ tẹ́ táwẹ́lì nípọn, ẹ dojú ọnà dé e, ẹ lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Òdòdó yóò rì sínú táwẹ́lì, kò sì ní pẹlẹbẹ. Ooru ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tó fún pọlísítà. Òwú onígóòlù ń fẹ́ èyí tí ó kéré jù, pẹ̀lú aṣọ mìíràn láàrin.

Kí ẹ tó gbé aṣọ ẹlòmíràn sábẹ́ máṣínì náà, ẹ wo ìdí tí bọ́bìnì fi yọjú. Ẹ ṣí ilé bọ́bìnì, ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ gbá èérún òwú tí ó há sí abẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń tẹ òwú náà. Fọ́nrán kan níbẹ̀ tó láti jẹ́ kí bọ́bìnì tú ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí pé ọ̀rinrin ẹnu a máa mú irin dípẹtà. Ẹ tún òwú òkè kì láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dín tẹ́ńṣọ̀n òkè, ìyẹn bí máṣínì ṣe ń fa òwú òkè le tó, kù díẹ̀, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ bí ó bá ti pẹ́, kí ẹ sì fi ẹ̀kán epo kan ṣoṣo sí ojú ibi tí wọ́n ní kí a kán an sí. Ẹ nu èyí tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ rán ewé kan sí àjákù gínì pẹ̀lú bọ́bìnì funfun, kí ẹ sì yí i padà: bí funfun bá gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta ní gbùngbùn ẹ̀yìn rẹ̀, tí kò sì sí kankan lójú, tẹ́ńṣọ̀n ti bọ́ sípò.